Wọ́n Jẹ Kéèkì Sixten, Wọn Ò Bi Í Ní Nǹkan Kan

Sixten Åhlund ti kú. Òun fúnra rẹ̀ ló gba ẹ̀mí ara rẹ̀, àwọn ará Björkhamn, ìlú wa, sì ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni pé ó jalè. Èmi ò ní sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Ojú máa ń tì mí láti sọ̀rọ̀ láwùjọ, mi ò sì kàwé púpọ̀. Ṣùgbọ́n panápaná ni Vidar ọkọ mi, ẹgbẹ́ kan náà ni òun àti Sixten, kò sì tíì pé ọdún kan tá a ṣègbéyàwó. Tí mo bá dákẹ́, ta ni yóò bá mi sọ ọ́?

Níbi ìsìnkú, ọ̀gá wọn, Ragnvald Stenqvist, dìde, ó ní, "Aláwàdà ni Sixten. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe é."

Kò sẹ́ni tó mọ̀, kẹ̀?

Nílé iṣẹ́ panápaná wa, ẹni tó bá ṣàṣìṣe ló ń ra kéèkì fún àwọn yòókù. O gbàgbé ìbọ̀wọ́ rẹ, kéèkì. O fi ọkọ̀ ha ilẹ̀kùn, kéèkì. Àṣà tó dùn ni, ẹ̀rín ló wà níbẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ kan já sínú adágún, lásìkò tí yìnyín tó bo ojú omi ti ń yọ́, Sixten ló wọ omi lọ. Ọmọbìnrin kékeré tó gbé jáde, òun fúnra rẹ̀ ló ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Ọmọ náà ò mí mọ́. Nígbà tí wọ́n padà dé, Sixten jókòó níbi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ, ó sunkún. Ni ẹnì kan bá kígbe pé, "Kéèkì!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Sixten náà rẹ́rìn-ín.

Wọn kì í ṣe ìkà. Wọn ò mọ ohun mìíràn tí wọ́n lè sọ ni, nítorí kò sẹ́ni tó kọ́ wọn.

Ilé búrẹ́dì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Láti ọjọ́ náà, bí Sixten bá ti sunkún lẹ́yìn iṣẹ́ kan, kí ẹnikẹ́ni tó kígbe, á ti dé ọ̀dọ̀ mi wá ra kéèkì.

"Ìyàwó wa! Ṣé Vidar ti mọ kọfí í sè, àbí omi gbígbóná ló ṣì ń bù fún ẹ?"

"Ẹ̀gbọ́n Sixten, ẹ fi ọkọ mi sílẹ̀ o. Kéèkì míì? Kí lẹ tún ṣe?"

"Àgbà ló ń dé. Gbé aláwọ̀ ewé yẹn fún mi. Kọ nǹkan sórí ẹ̀."

"Kí n kọ kí ni?"

"Kọ 'Ẹ má bínú'."

Mo fi ṣúgà kọ ọ́. Wọ́n gé e, wọ́n fi mu kọfí. Ta ló bi í pé kí ni ká má bínú sí?

Mo bi ọkọ mi léèrè. "Vidar, ṣé ẹ ò rí i ni?"

"A rí i."

"Kí wá ló dé tẹ́ ò bi í?"

"Tó bá jẹ́wọ́ pé òun ò rí oorun sùn mọ́, Ọ̀gá á gba aago tí wọ́n fi ń pè wá síbi iná lọ́wọ́ ẹ̀. Tí wọ́n bá gbà á, a ò pé. Tá ò bá pé, ọkọ̀ ò ní jáde. Tílé ẹnì kan bá wá ń jó ńkọ́? Ìwọ lo máa lọ sọ fún wọn?"

Ẹ wo pàkúté! Wọ́n ní ìrànlọ́wọ́ wà. Wọ́n tiẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pé, "Má ṣe dá a gbé." Ṣùgbọ́n ìlú ńlá ni ẹni tó ń gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn wọn wà, ẹni tí aago ìpè bá sì wà ní bẹ́líìtì rẹ̀ kò gbọdọ̀ rìn kọjá etí ìlú. Nítorí pé wọn ò pọ̀, aago náà kì í kúrò ní bẹ́líìtì. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa, èmi àti Vidar ò tíì lọ síbì kankan. Bí adìyẹ tí wọ́n so mọ́ ìdí igi la rí. Báwo ni Sixten ì bá ṣe débẹ̀? Ṣé kó fò ni?

Wọ́n tún wá ní àwọn ò lè gbẹ́ orúkọ rẹ̀ sára òkúta àwọn tó kú sẹ́nu iṣẹ́, torí ilé rẹ̀ ló kú sí. Irọ́ ni. Inú adágún yẹn ló kú sí, ikú náà kàn pẹ́ kó tó bá a délé ni.

Lọ́jọ́ Sátidé, Vidar ti ibi ìjàǹbá kan bọ̀. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé wa, bàtà iṣẹ́ ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ní kí n bá òun mú kéèkì kan bọ̀ láti ibi iṣẹ́.

Mo ní, "Kí lo ṣe?"

Ó yọ owó kéèkì, ó nà án sí mi.

Ọ̀gá Ragnvald, ìrètí mi ò tíì pin, ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyí. Ọjọ́ Mọ́ńdè lẹ máa ń ṣe ìdánrawò. Ẹ dúró níwájú gbogbo wọn, kí ẹ sọ ọ́ jáde lẹ́nu yín pé ẹni tó bá ní òun ò rí oorun sùn kò ní pàdánù àyè rẹ̀ nínú ọkọ̀. Ẹ mú ẹni tó ń gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn wá sí Björkhamn níbí. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ìlú, ẹ gba èèyàn kún wọn, kí ẹnì kan lè sinmi láìjẹ́ pé ilé ẹlòmíràn jó. Kí ẹ sì gbẹ́ orúkọ Sixten sára òkúta náà, kó hàn ketekete.

Tí ẹ ò bá ní ṣe é, ẹ wá sílé wa. Ẹ jókòó ti Vidar lórí àtẹ̀gùn, kí ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ó ṣì wà láàyè láti gbọ́ ọ.