Òwú Funfun Tí Mo Lẹ̀ Mọ́ Ìwé Ìràwọ̀

Láti ìgbà tí mo ti ń ta òwú ìránṣọ ní Àjàṣẹ́, oníbàárà kankan kò gbọ́ "kò sí" lẹ́nu mi rí. Bí o bá béèrè òwú aláwọ̀ ewé tí n kò ní, màá ní ó wà lọ́nà, ó ń bọ̀ láti Kùtọnu. Bí o bá mú aṣọ aláwọ̀ àlùkò wá, tí n kò sì ní ju òwú pupa lọ, màá tẹ́ òwú lé aṣọ, màá dorí sí ẹ̀gbẹ́ kan, màá ní, "Àbí o ò rí i? Ìbejì ni wọ́n." N kò ka ìyẹn sí irọ́. Ọjà ni. Ẹni tó bá fẹ́ máa sọ òtítọ́ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kó lọ ṣe àlùfáà, kó fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún wa.

Síbẹ̀ ojú mi mọ àwọ̀, ohun tí mo fi ń jẹun ni. Àwọn aránṣọ máa ń ti Avrankou wá, àkísà kékeré lọ́wọ́ wọn, kí n bá wọn wá bọ́bìnì òwú tó bá a mu. Mo ní òfin tèmi. A kì í wo àwọ̀ nídìí àtùpà, nítorí àtùpà a máa sọ gbogbo nǹkan di ọmọ ara rẹ̀. A kì í sì tẹjú mọ́ ọn pẹ́ títí. Igun ojú ni mo fi ń wò ó, bí ìyàwó tuntun ṣe ń wo ìyá ọkọ. Màá wá òwú kan tó mọ́lẹ̀ ju aṣọ náà lọ, màá wá òmíràn tó ṣú jù ú lọ, màá wá bi ara mi léèrè pé nínú àwọn méjèèjì, ta ló sún mọ́ ọn jù.

Ojú yìí ló kó mi sínú ọ̀ràn ìràwọ̀. Olùkọ́ ìṣirò kan yá yàrá nínú ilé mi ní Tokpota. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́, ó sì ní sùúrù ẹni tó ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ nínú òkùnkùn. Kò pẹ́ púpọ̀ tí àwọn ológun gba ìjọba nígbà náà. Rédíò ń sọ lójoojúmọ́ pé gbogbo nǹkan ti yí padà. Kòtò tó wà níwájú ìsọ̀ mi nìkan ni kò gbọ́. Gbogbo wa di kámárádì ara wa, títí kan obìnrin tó ń ta pọ̀nmọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹni tí kì í kí èèyàn tẹ́lẹ̀. Ó wá ń sọ pé, "Kámárádì, gbé ìdí rẹ kúrò nínú òjìji mi."

Bí olùkọ́ yìí bá ti jẹun alẹ́ tán, á jókòó sí àgbàlá, á gbé orí sókè, á máa kọ nǹkan sínú káyé, ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ó fi àkísà pupa tó gbà lọ́wọ́ mi di ojú iná tọ́ọ̀ṣì rẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ má baà pa á lójú.

Mo ní, "Olùkọ́, kí lo ń kà lókè yẹn? Ṣé wọ́n dín ni?"

"Ẹyọ kan ni mò ń wò, Ìyá Olówùú. Ó máa ń ṣókùnkùn, á sì tún mọ́lẹ̀."

"Ta ló ń fẹ́ ẹ pa?"

Ó ní ìràwọ̀ méjì ni wọ́n, ojú wa ló sọ wọ́n di ẹyọ kan. Wọ́n ń yí ara wọn po. Bí èyí tí kò tàn bá kọjá níwájú èyí tó ń tàn, á dí i lójú fún wákàtí mélòó kan, á sì kọjá lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ó dín díẹ̀, á tún padà wá.

Mo ní, "Orogún ni wọ́n nìyẹn." Èmi ni ìyáálé nílé ọkọ mi, mo mọ ìrìn yẹn dáadáa. Láti ọjọ́ náà, Orogún ni a ń pe ìràwọ̀ náà, òun àti èmi.

Mo bi í báwo ló ṣe ń wọn ìmọ́lẹ̀ ohun tí ọwọ́ kò tó. Ó ní òun a wá ìràwọ̀ kan nítòsí tó mọ́lẹ̀ jù ú lọ, òun a wá òmíràn tí kò mọ́lẹ̀ tó o, òun a wá wò ó pé ta ló sún mọ́ ọn jù. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Wọ́n rán ọmọ ọlọ́mọ lọ sí iléèwé gíga títí dé Dákà, kí ó lọ kọ́ bí a ṣe ń ta òwú.

Ó ní kí n bá òun wo òmíràn, èyí tí àwọn ìwé òyìnbó ń pè ní pupa.

Mo ní, "Pupa wo? Ìyẹn kì í ṣe pupa. Epo tí ọyẹ́ mú dì ni." Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe wí i gan-an. Ẹnikẹ́ni kò kọ ọ̀rọ̀ ẹnu mi sílẹ̀ rí ṣáájú ìgbà yẹn, àfi àwọn tó fẹ́ fi ẹjọ́ mi sùn.

Nígbà ọyẹ́ ọdún náà, ìyá olùkọ́ ṣàìsàn ní abúlé wọn lẹ́yìn Avrankou, ó sì ní láti lọ tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn kan wà ní ilẹ̀ òkèèrè tó ń kó irú àkọsílẹ̀ rẹ̀ jọ, ó sì ti ṣèlérí pé òun yóò fi ti sáà náà ránṣẹ́ sí wọn. Ó bẹ̀ mí pé kí n bá òun máa wo Orogún. Ìwé tí mo mọ̀ kò kọjá orúkọ ara mi, nítorí náà òwú ni a fi ṣe é. A ṣa oríṣi márùn-ún: funfun, àwọ̀ wàrà, àwọ̀ eérú, aró fífẹ́lẹ́, aró kíkún. Ní alalẹ́, màá gé òwú tó gùn tó ìka kan, èyí tó bá ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ náà mu, màá fi ẹ̀kọ tútù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìlà ọjọ́ náà nínú káyé. Èèrà bá mi ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì.

Kò sọ ọjọ́ tí ìràwọ̀ náà máa ṣókùnkùn fún mi. Ó ní, "Bí mo bá sọ ọ́, ẹ óò ti rí i kó tó ṣẹlẹ̀." Ó tún ní, "Bí ẹ kò bá rí i, ẹ fi ìlà náà sílẹ̀ lófìfo, Ìyá Olówùú." Mo ní mo ti gbọ́.

Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, ọyẹ́ bo gbogbo ìlú. Orí igi máńgò tó wà nínú àgbàlá gan-an, n kò rí i. Mo jókòó, mo dúró, mo sín títí. Mo ṣí káyé, ìlà òfìfo náà sì ń wò mí bí ìsọ̀ tí kò lọ́jà. Ara mi kò gbà á. Funfun ni ìràwọ̀ náà láti ọjọ́ méjì, kí ló máa wá sọ ọ́ di nǹkan mìíràn? Mo gé òwú funfun, mo lẹ̀ ẹ́, mo lọ sùn.

Olùkọ́ dé, ó ṣí káyé, ìka rẹ̀ sì dúró.

"Ìyá Olówùú, Ọjọ́bọ̀ yìí, funfun ni?"

"Funfun bí lékeléke."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Olùkọ́, ṣé o fẹ́ kọ́ mi ní funfun ni?"

Ó jókòó. Lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni ìràwọ̀ náà yẹ kó ṣókùnkùn jù. Ó kọ àmì ìbéèrè sí ẹ̀gbẹ́ òwú mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí àwọn ará òkèèrè pé Orogún ṣe ohun tí kò ṣe rí. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti la ẹnu. Ọ̀rọ̀ ọjà ni mo fi kún un, mo ní ó tilẹ̀ ń dán.

Kò tíì fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ tí ìgbìmọ̀ àdúgbò tí ìjọba tuntun gbé kalẹ̀ fi wọlé wá. Aládùúgbò kan, tí mo ti bú nítorí ewúrẹ́ rẹ̀, ló lọ sọ pé a ń tan iná pupa sójú ọ̀run láti fi ṣẹ́wọ́ sí ọ̀tá ìjọba. Wọ́n mú káyé, wọ́n mú lẹ́tà, wọ́n mú olùkọ́. Mo wé gèlè lódì, mo tẹ̀lé wọn.

Ọ̀dọ́ ológun kan ló jókòó sídìí tábìlì, bàtà rẹ̀ ń kọ mọ̀nà. Ó ń sọ Fransé sí olùkọ́, ó sì ń sọ Nàgó, èdè wa, sí èmi. Ó ka lẹ́tà náà sókè: "Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ó yẹ kó wálẹ̀, kò wálẹ̀. Mò ń dúró dè é." Ó wá béèrè pé, "Ta ló yẹ kó wálẹ̀? Ta lẹ ń dúró dè? Òwú funfun, òwú aró, kí ni wọ́n ń wí?"

Olùkọ́ ṣàlàyé ìràwọ̀ méjèèjì fún un. Ológun náà tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa, kì í ṣe òpònú.

Ó ní, "Ọjọ́ wo ló tún máa ṣókùnkùn?"

"Lọ́la, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú."

"Màá wá wò ó. Ṣé o lè búra pé ó máa ṣe é?"

Olùkọ́ wo káyé. "Mi ò lè búra. Ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, kò ṣe é."

"Ta ló wò ó?"

"Ẹni tí ojú rẹ̀ ju tèmi lọ."

Kò wo ọ̀dọ̀ mi rárá. Bí wọ́n bá sọ pé àṣírí ogun ni káyé náà, iṣẹ́ rẹ̀ ti lọ nìyẹn, àtìmọ́lé ló sì máa sùn. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ó gba òwú mi gbọ́ ju ìṣirò ara rẹ̀ lọ.

Mo ní, "Kámárádì ọ̀gá, irọ́ ni òwú yẹn."

Ológun náà gbé ojú kúrò lára lẹ́tà.

"Irọ́ báwo?"

"Ọyẹ́ mú lálẹ́ ọjọ́ náà. N kò rí ìràwọ̀, n kò rí ọ̀run, ìdí máńgò tèmi ni mo rí. Mo fi funfun sí i."

"Kí ló dé?"

"Ọlọ́jà ni mí. Àyè òfìfo máa ń bí mi nínú."

Aránṣọ kan tó jókòó lórí bẹ́ńṣì, ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀, nahùn. "Ìyá Olówùú, ṣé òwú aṣọ àlùkò tí ẹ tà fún mi níjọ́sí náà—"

"Ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ la wà, kámárádì aránṣọ. Jókòó."

Ológun náà fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n mo rí èjìká rẹ̀ tó ń mì. Olùkọ́ wá wò mí. Ohun kan kú lójú rẹ̀, mo rí i. Iṣẹ́ ìyanu rẹ̀ ni mo pa. Ó wá yíjú sí ológun náà, ó ní, "Bó bá rí bẹ́ẹ̀, mo lè búra."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ológun náà wá pẹ̀lú èèyàn méjì. Aládùúgbò wa gbé àpótí tirẹ̀ wá, kó lè rí ìtìjú wa láti iwájú. Ojú ọ̀run mọ́. Mo kó òwú márààrún lé ológun náà lọ́wọ́, mo fi ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ àti èyí tí kò mọ́lẹ̀ tó hàn án.

"Má tẹjú mọ́ ọn," mo sọ fún un. "Fi igun ojú wò ó. Ṣé o ti gbéyàwó?"

"Rárá, ìyá."

"Wàá kọ́ ọ lálẹ́ òní nìyẹn."

Ó wò ó pẹ́. Fúnra rẹ̀ ló mú aró fífẹ́lẹ́. Mo bu ẹ̀kọ fún gbogbo wọn, a jókòó, a ń sọ̀rọ̀ ewúrẹ́. Lẹ́yìn wákàtí méjì ó tún gbé orí sókè, ó pa òwú dà sí àwọ̀ eérú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. "Ó ń padà bọ̀," ó ní, jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó dá káyé padà fún olùkọ́ kó tó lọ. Aládùúgbò wa ló kẹ́yìn, nítorí ó fẹ́ rí i nígbà tó bá funfun tán.

Mo ní kí olùkọ́ fa òwú irọ́ mi ya. Ó kọ̀. Ó ní a kì í fa nǹkan ya nínú irú ìwé yẹn. Ó fi pẹ́ńsù lé mi lọ́wọ́, ó di ọwọ́ mi mú, a sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òwú náà: "Ọyẹ́. N kò rí i." Yàtọ̀ sí orúkọ mi, ìyẹn ni ohun àkọ́kọ́ tí mo kọ láyé mi. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe fi í ránṣẹ́ sí àwọn ará òkèèrè, tòun ti òwú. Kò sọ ọ̀rọ̀ náà sí mi mọ́, kò sì fi ṣe mí ní yẹ̀yẹ́, èmi tí mo ti fi gbogbo ayé ṣe yẹ̀yẹ́.

Wọ́n gbé e lọ kọ́ni níbòmíràn lẹ́yìn náà. Ó fi káyé òfìfo kan àti iná tọ́ọ̀ṣì náà sílẹ̀ fún mi, àkísà pupa sì wà lójú rẹ̀ síbẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, níbikíbi tó bá wà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ fún aránṣọ kan láti Avrankou pé n kò ní òwú aláwọ̀ ewé, ó bi mí bóyá ara mi ò yá. Bí ọyẹ́ bá sì bo ìlú lálẹ́, mo ṣì máa ń jáde sí àgbàlá, màá gbé orí sókè, màá wọlé, màá kọ ọ́ bó ṣe kọ́ mi. Ojú ewé mẹ́ta ló ti kún fún "n kò rí i."