Mọ́mì Tóbi fi jíìpù yí Jẹ́ríkò po

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti rí ẹni tó fi jíìpù ja ogun Jẹ́ríkò lónìí!

Ilẹ̀ tí ṣọ́ọ̀ṣì wa fẹ́ kọ́ yunifásítì sí lọ́nà Àtàn la lọ gbàdúrà lé lórí. Pásítọ̀ ní kí òbí di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ká fẹsẹ̀ rìn yí ilẹ̀ náà po lẹ́ẹ̀meje bíi ti Jẹ́ríkò.

Gbogbo wa bọ́ sínú eruku. Mọ́mì Tóbi, aládùúgbò mi ní Ilo-Awela, jókòó sínú mọ́tò, ó tan AC, ó ń wà á tẹ̀ lé wa. Tóbi wà lẹ́yìn tòun ti fóònù.

Mo kan gíláàsì. "Mọ́mì Tóbi, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kẹ́ ẹ bá wa rìn."

"Àǹtí, ṣebí ká ṣáà ti yí i po ni? Ọkàn l'Ọlọ́run ń wò, kì í wo ẹsẹ̀."

Tóbi ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n bá wọn rìn."

"Nínú oòrùn yìí? Jókòó jẹ́ẹ́!"

Nígbà tá a hó pé kí odi wó, hóọ̀nù lòun ń tẹ̀.

A parí, ó fa Tóbi lọ bá Pásítọ̀. Ìrìn díẹ̀ yẹn péré, Mọ́mì Tóbi fúnra rẹ̀ ti ń mí bí ẹni tó sáré láti Sàngó dé Àtàn.

"Dádì, ẹ gbàdúrà fọ́mọ mi. Tó bá ti gun àtẹ̀gùn ilé wa, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará ilé bàbá rẹ̀ ni!"

Ẹ bá mi dá sí i o: ṣé àwọn ará ilé bàbá rẹ̀ náà ló ti Tóbi mọ́nú jíìpù?