Ojú Mi Nínú Ọ̀pá Ìbọn

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìwó, nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣèjọba lé wa lórí, èmi ọmọbìnrin ni bàbá mi máa ń pè tí wọ́n bá fẹ́ ra ìbọn. Ẹ má rẹ́rìn-ín! Ẹ̀tù ti ta sí wọn lójú ọ̀tún rí, ojú náà kò sì ríran dáadáa mọ́. Ojú tèmi ló mú jù nílé.

Àgbẹ̀ ni wọ́n, ọdẹ sì ni wọ́n. Ṣakabùlà ni wọ́n ń lò, ṣùgbọ́n ìbọn òyìnbó ẹlẹ́nu méjì ni ọkàn wọn ń fẹ́, àlòkù nìkan ni agbára wọn sì ká. Wọ́n ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò. N óò kọjú ọ̀pá rẹ̀ sí ojú ọ̀run, n óò wo inú rẹ̀ já. Ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ yí po bí òrùka. Ibi tí òrùka bá ti wọ́, irin ti tẹ̀ wọnú níbẹ̀. Ibi tí dúdú bá ti wà tótòtó, ìpáàrà ti ń jẹ ẹ́. Ibẹ̀ ni ìbọn yóò ti bẹ́ lọ́jọ́ kan, ọwọ́ òsì tí ọdẹ fi gbé e ró ni yóò sì kọ́kọ́ mú lọ.

Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan gbé ìbọn ẹlẹ́nu méjì kan wá láti Kuta. Háà, ìbọn rèé! Bàbá mi ṣí ìdí rẹ̀, wọ́n rí i pé kò sí ọta níbẹ̀, wọ́n nà án sí mi. Mo wò ó. Ó ń kọ mànà! Mo fò sókè, mo ké pé, "Bàbá, ó dára! Ẹ rà á!" Bàbá mi ń rẹ́rìn-ín, ọwọ́ wọn ti wọ àpò.

Ìyá mi tí ń dáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló ní, "Bàbá wọn, ẹ ò ní fún un lómi gbígbóná mu ni? Irin tó gbó tó yìí, kí ló ń dán bẹ́ẹ̀?"

Òótọ́ ni. Bàbá mi kì í ra ìbọn láìda omi gbígbóná sínú ọ̀pá rẹ̀, ayọ̀ ló mú wọn gbàgbé. Ọkùnrin Kuta ní omi yóò ba ìbọn jẹ́. Kó tó sọ bẹ́ẹ̀ tán, ìkòkò omi ti wà lọ́wọ́ ìyá mi. Bàbá mi gbà á, wọ́n dà á sínú ọ̀pá. Kí lẹ rò pé ó jáde? Ìda oyin! Wọ́n ti fi í dí gbogbo ihò inú rẹ̀, ni ó bá ń yọ́ dà sílẹ̀ pẹ̀lú ìpáàrà. Mo tún wò ó: inú ọ̀pá rí wúruwùru bí igi tí ikán jẹ, ihò tó jìn jù sì wà gẹ́lẹ́ níbi tí ọwọ́ òsì máa ń wà. Àlejò gbé ìbọn rẹ̀, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Mo bú sẹ́kún. Bàbá mi fà mí mọ́ra, wọ́n ní, "Ojú ẹ ò fọ́. Ìbọn yẹn ló wù ẹ́ jù."

Lónìí, ẹ̀yin ọmọ mi, inú fóònù lẹ ti ń wo ọjà. Ẹ ò tíì fọwọ́ kàn án, ẹ ti sanwó. Mo máa ń rí bí ojú yín ṣe ń tàn tí ohun tó ń dán bá yọ, inú tèmi náà a sì dùn, torí mo mọ adùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, mi ò fẹ́ràn ìbọn ju bí mo ṣe fẹ́ràn bàbá mi lọ, síbẹ̀ ẹnu ara mi ni mo fi ní kí wọ́n ra ikú wálé.