Báàfù Ẹṣin Àǹtí Dókítà

Ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà ní kékeré, òórùn ẹṣin kì í kúrò nílé wa ní Wuye, bẹ́ẹ̀ a kò ní ẹṣin kankan. Ara Àǹtí Dókítà ló ti ń wá. Ẹ̀gbọ́n Màámi ni, iyàrá tó wà lẹ́yìnkùlé wa ló ń gbé, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kí ó máa tọ́jú ẹṣin tí ara rẹ̀ kò bá yá. Bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ọkọ̀ rẹ̀ á máa rùn bíi koríko gbígbẹ, bí awọ, bí òógùn, àwa ọmọ á sì ti mọ̀ pé ó ti dé kí ó tó tẹ fèrè ní ẹnu géètì. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà sí Àbújá, ó ṣeé ṣe kí òórùn ìgbà èwe tiyín jẹ́ ti súyà tàbí ti eruku ọyẹ́. Tèmi ni ti ẹṣin, kò sì tíì kúrò nímú mi.

Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe dókítà ẹṣin ní gbogbo agbègbè yìí. N kò lè búra sí i, nítorí n kò mọ ẹni tó wádìí rẹ̀. Ohun tí mo lè sọ ni pé nínú gbogbo ilé ẹṣin tó mú wa dé, n kò rí obìnrin mìíràn tó gbé abẹ́rẹ́ dání, àwọn tó ń tọ́jú ẹṣin níbẹ̀ sì ní àwọn náà kò rí irú rẹ̀ rí. Òun fúnra rẹ̀ kì í fi yangàn. Ó kàn sọ fún wa nígbà kan pé nígbà tí òun jáde ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ní kí òun gbájú mọ́ adìẹ àti ajá, pé ẹṣin kì í gbọ́ ti obìnrin. Ó ní, "Mo wá lọ bi ẹṣin. Ẹṣin ní òun ò sọ bẹ́ẹ̀."

Èmi àti Dàmọ́lá àbúrò mi gbọ́ Yorùbá ju bí a ṣe lè sọ ọ́ lọ, bí ọ̀pọ̀ ọmọ Àbújá. Màámi á fi Yorùbá bá wa wí, a ó fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn. Àǹtí Dókítà kò gba ìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ bá a lọ wo ẹṣin ní ọjọ́ Sátidé gbọ́dọ̀ fi Yorùbá bẹ̀ ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo rántí ìgbà tí Dàmọ́lá kọ́kọ́ dán an wò. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé mi lọ sínú ẹṣin." Àǹtí ní, "Ikùn ẹṣin kò gbà ọ́, ọkọ mi. Tún un sọ." Bí ẹ bá rí i pé mo lè kọ nǹkan tí mò ń kọ yìí lónìí, ìfẹ́ ẹṣin ló fà á.

Iṣẹ́ tiwa níbẹ̀ ni omi pípọn àti ike fífọ̀. Àǹtí máa ń bu ìgbẹ́ ẹṣin díẹ̀ sínú ike omi tó mọ́ gaara, a ó da omi sí i, a ó mì ín, a ó sì gbé e kalẹ̀ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀. Bí iyanrìn bá wà nínú ikùn ẹṣin náà, yóò rẹlẹ̀ sí ìdí ike, a ó sì rí i kedere. Ó ṣàlàyé fún wa pé bí wọ́n bá da oúnjẹ ẹṣin sílẹ̀ẹ́lẹ̀, iyanrìn ni yóò máa bá a jẹ, iyanrìn náà yóò sì jókòó sínú ìfun rẹ̀ bíi sìmẹ́ńtì. Ẹṣin kò sì lè bì. Ohun tó bá ti gbé mì, ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù tó lè gbà jáde. Ìdí nìyẹn tí Àǹtí fi máa ń sọ pé inú báàfù ni ẹṣin òun gbọ́dọ̀ ti jẹun.

Bí a bá padà délé, Màámi kò ní jẹ́ kí a wọ pálọ̀ títí a ó fi fọ ẹsẹ̀ àti ọwọ́ ní ẹnu ẹ̀rọ omi ìta. Lẹ́yìn náà ni a ó jẹ ẹ̀wà àti dòdò, a ó sì fi máńgòrò Zuba panu. Ọjọ́ kan, Dàmọ́lá gbé ike ìgbẹ́ kan sínú fíríìjì, ó ní kí iyanrìn inú rẹ̀ má baà bàjẹ́. Àwa méjèèjì la jọ kúnlẹ̀, a gbé ọwọ́ sókè. Títí di òní n kò tíì rí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe kàn mí.

Màámi fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yẹn ń tì í lójú díẹ̀. Bí wọ́n bá béèrè iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ìjọba tó ti ń ṣiṣẹ́, á ní, "Dókítà ni," á sì dúró síbẹ̀. Ẹni tó bá gbà pé ọsibítù ni, ó di tirẹ̀.

Ilé ẹṣin tí Àǹtí fẹ́ràn jù wà lójú ọ̀nà Kuje. Alhaji kan ló ni ín, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó ti gbé Ìbàdàn rí, tó sì gbọ́ Yorùbá. Bàbá Sàlíù, ará Ìlọrin, ló ń tọ́jú àwọn ẹṣin náà fún un. Èyí tí Alhaji kò fi ṣeré rárá ni ẹṣin eléérú kan tí wọ́n sọ ní Zúmà, nítorí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti àpáta ńlá ẹ̀yìn Zuba. Àwọn ọ̀rẹ́ Alhaji ń yọ ọ́ lẹ́nu pé ó lọ fi ẹṣin lé obìnrin lọ́wọ́. Ó fi ilé náà lé e lọ́wọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n "Mádáàmù" ló ń pè é. Dókítà ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, "Likita" ni wọ́n ń pè é, bí àwọn Hausa ṣe ń pe dókítà. Àǹtí mọ̀ pé bí Zúmà bá kú lọ́wọ́ òun, kì í ṣe ilé ẹṣin kan péré ni òun yóò pàdánù. Gbogbo ilé ẹṣin tó kù ni yóò gbọ́.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ọyẹ́ ti ń mú, báàfù ilé ẹṣin náà sì ti sán. Àǹtí kó wọn dànù, ó ra tuntun, aláwọ̀ búlúù, jíjìn, tó lẹ́wà. Ó kó wọn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa nítorí pé ó ń lọ sí Kàdúná láti tọ́jú ẹṣin lọ́hùn-ún. Ó bẹ Màámi kí ó kó wọn fún awakọ̀ tó máa ń gbé dùsá, ìyẹn èérí àgbàdo, lọ fún àwọn ẹṣin náà. Màámi ní, "Ẹ má ṣèyọnu, ẹ̀gbọ́n mi."

Ọ̀sẹ̀ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa sì ni. Àwọn ìyá ìjọ wá yá abọ́, wọ́n rí báàfù tuntun lọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo gbọ́ ohun tí Màámi sọ, nítorí ibẹ̀ ni mo ti ń ṣa ẹ̀wà. Ó ní, "Ẹ kó wọn. Ẹṣin wo ló mọ búlúù? Tí ìkórè bá parí, ẹṣin á jẹun níbẹ̀." Lóye tèmi, kò ṣe é láti ba nǹkan jẹ́. Kò kàn lè gbà lọ́kàn rẹ̀ pé ènìyàn gidi lè ra báàfù tó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ fún ẹranko.

Àǹtí dé láti Kàdúná ní alẹ́ Sátidé, ó ti rẹ̀ ẹ́, ó sùn. Ní ọjọ́ Àìkú gbogbo wa lọ sí ìkórè. A ti kọrin, a ti jó, kí n tó rí i tí Àǹtí na ọrùn wo iwájú pẹpẹ. Báàfù rẹ̀ ló wà níbẹ̀ ní ìlà gbọọrọ, ọsàn Zuba kún wọn, wọ́n fi rìbọ́ńnì so wọ́n lọ́rùn. Ó wo báàfù, ó wo Màámi. Màámi ń wo ìwé orin. Kò pẹ́ rárá tí fóònù Àǹtí fi ń gbọ̀n nínú báàgì. Bàbá Sàlíù ni. Zúmà ń fi ẹsẹ̀ wa ilẹ̀, ó ń yíjú wo ikùn ara rẹ̀, ó ń fẹ́ yí gbiri.

Nínú ọkọ̀, Àǹtí kò pariwo. Ó kàn ní, "Àbúrò mi, inú kí ni o rò pé ẹṣin yẹn ti ń jẹun láti ọjọ́ yìí?" Màámi la ẹnu, èdè Èkìtì ló jáde, bó ṣe máa ń rí bí ẹ̀rù bá bà á gidi.

Nígbà tí a débẹ̀, Bàbá Sàlíù ń fa Zúmà rìn yíká, òógùn bo ẹṣin náà bí ẹni tí wọ́n bu omi lù.

"Dókítà, ilẹ̀ ni mo da dùsá sí o. Báàfù ò sí. Mo ní lónìí ló ń bọ̀, lọ́la ló ń bọ̀."

"Mo gbọ́, Bàbá. Ẹ mú orí ẹ̀ dání."

Àǹtí tú gèlè, ó wọ ìbọ̀wọ́ tó gùn dé èjìká, ó ki rọ́bà tí dókítà fi ń gbọ́ àyà bọ etí, ó sì gbé ìdí rẹ̀ lé ikùn ẹṣin. Ó pè mí kí n wá gbọ́. Ohun tí mo gbọ́ dà bí ìgbà tí ènìyàn ń fẹ́ ìrẹsì nínú atẹ. Ó ní iyanrìn nìyẹn. Ó gún Zúmà ní abẹ́rẹ́ kí ìrora lè rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ki rọ́bà gígùn kan bọ ihò imú rẹ̀, ó ń tì í wọlé díẹ̀díẹ̀, ó ń gbóòórùn ẹnu rọ́bà náà kí ó lè dá a lójú pé inú ikùn ló lọ, kì í ṣe ẹ̀dọ̀fóró. Òróró tí yóò ti iyanrìn jáde ló fẹ́ dà síbẹ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbé àrọ tí wọ́n kì bọ ẹnu rọ́bà náà sókè réré kí òróró lè ṣàn wọlé, Màámi ló sì ga jù nínú wa. Ó bọ́ bàtà ìkórè rẹ̀, ó gun orí korobá, ó gbé àrọ sókè. Òróró ń kán sí i lápá, kò nù ún.

Bó ṣe wà níbẹ̀ ni Alhaji dé. Ó wo ẹṣin rẹ̀ pẹ́. Ó béèrè ẹni tó fún Zúmà ní oúnjẹ lórí iyanrìn. Bàbá Sàlíù fa okùn Zúmà mọ́ra.

Àǹtí kò gbójú kúrò lára rọ́bà. Ó ní, "Èmi ni, Alhaji. Báàfù mi ni kò dé, èmi ló sì yẹ kó rí i pé ó dé."

Ohùn Màámi wá láti òkè korobá. "Kì í ṣe òun, sà. Èmi ni mo kó báàfù ẹṣin yín fún ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ṣọ́ọ̀ṣì? Kai! Kí ni ṣọ́ọ̀ṣì ń fi báàfù ẹṣin ṣe?"

"Ọsàn ni wọ́n kó sí i, sà. Ó wà níwájú pẹpẹ."

Alhaji wò ó, ó wo òróró tó ń kán láti ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. N kò mọ ohun tó rò. Ó bọ́ babaríga rẹ̀, ó gbé e kọ́ ara ọgbà, ó sì jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Ó ní, "Mádáàmù, ẹ máa ṣiṣẹ́ yín."

A wá bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Bàbá Sàlíù rìn, Zúmà tẹ̀ lé e. Àǹtí ń gbọ́ àyà rẹ̀, ó ń wo àwọ̀ èrìgì rẹ̀. Èmi àti Dàmọ́lá ló ń ṣọ́ ìrù. Oòrùn ti ń pọ́n nínú eruku kí ìrù náà tó gbé sókè. Ẹ̀yin ènìyàn mi, n kò tíì rí ibi tí wọ́n ti fi ayọ̀ bẹ́ẹ̀ gba ìgbẹ́. Màámi ké "Halelúyà!" Bàbá Sàlíù ké "Àlùhámúdùlílàhì!" Àǹtí nìkan ni kò ké. Ó bẹ̀rẹ̀, ó bu díẹ̀, ó na ọwọ́ sí mi, mo gbé ike fún un. Ó mì ín, ó gbé e síwájú Alhaji. Iyanrìn rẹlẹ̀ sí ìdí ike bí ìgbà tí wọ́n dà á síbẹ̀.

Ó ní, "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni. Ó kù púpọ̀ nínú ẹ̀. Àárọ̀ ọ̀la, a ó tún ṣe é."

Alhaji gbé ike náà, ó yí i lójú oòrùn, ó sì dá a padà. "Yauwa, Likita. Mo ń retí yín láàárọ̀."

Mo wo ojú Àǹtí. Ó kàn ń bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ìbọ̀wọ́ yẹn tó bọ́.

Nígbà tí a ń padà, ó sọ fún Màámi pé, "Gíga rẹ wúlò." Màámi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì ni Màámi kọ́kọ́ yà sí. Ó da ọsàn Ọlọ́run sílẹ̀ níwájú àwọn ìyá ìjọ, ó kó báàfù, wọ́n ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀. Nílé, ó mú kùtẹ́ẹ̀sì pupa tó fi ń kun èékánná, ó kọ ọ́ sí ìdí wọn níkọ̀ọ̀kan pé TI ẸṢIN. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá bi í léèrè ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ibi iṣẹ́, ohun tó ń sọ ni pé, "Dókítà ẹṣin ni." Zúmà yè, ó sì darúgbó.

Ó ti pẹ́ tí mo ti jáde yunifásítì báyìí. Ilé ẹṣin ojú ọ̀nà Kuje ti di ilé gbígbé, wọ́n ti kó àwọn ẹṣin lọ síwájú. Orúnkún ń dun Àǹtí, ṣùgbọ́n àwọn ọmọbìnrin tó jẹ́ dókítà ti ń bá a ṣiṣẹ́, wọ́n sì ní ẹ̀rọ tó ń fi inú ẹṣin hàn. Ẹnikẹ́ni kì í bi wọ́n bóyá ẹṣin ń gbọ́ ti obìnrin. Nítorí náà n kò ní sọ pé ayé àtijọ́ sàn ju ti ìsinsìnyí lọ. Fún ẹṣin, ti ìsinsìnyí ló sàn. Fún ọmọdé, kò dá mi lójú: àwọn ọmọ Dàmọ́lá mọ orúkọ oríṣiríṣi ẹṣin nínú fóònù, wọn kò gbóòórùn ọ̀kan rí.

Ṣùgbọ́n báàfù kan ṣì kù nílé. Búlúù rẹ̀ ti ṣí, kùtẹ́ẹ̀sì ìdí rẹ̀ kò tíì parẹ́. Inú rẹ̀ ni Màámi ti ń bó ẹ̀wà. Ní ìkórè tó kọjá, ìyá ìjọ kan wá yá abọ́, ó nawọ́ sí i. Màámi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́.

Ó ní, "Ẹ má bínú, Mà. Ti ẹṣin ni. Èmi gan-an, mo yá a ni."