Òwú Funfun Lára Wáyà

Bàbá Olówùú pé ọmọ ọdún méjìlélọ́gọ́ta lóṣù tó kọjá. Oníṣẹ́ iná ọkọ̀ ni. Ìròyìn tuntun nípa rẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ ní kó yẹ ọkọ̀ àbúrò rẹ̀ wò, èyí tí bíréèkì rẹ̀ kọ̀ tí kò mú mọ́, tó lọ kọ lu ògiri, tí ẹsẹ̀ àbúrò náà sì kán.

Òwú ló sọ ọ́ lórúkọ. Ibikíbi tó bá ti fọwọ́ kan wáyà, ó máa ń we òwú funfun mọ́ orí téèpù lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹnikẹ́ni má baà di ẹ̀bi iṣẹ́ játijàti ẹlòmíràn ru òun.

Ẹ̀sùn tó wà nílẹ̀ kò díjú. Epo bíréèkì ti ń jò fún ọjọ́ mélòó kan kó tó gbẹ. Ó yẹ kí iná pupa ti tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù láti kìlọ̀, kò sì tàn. Oníbíréèkì kan, tó ń tún bíréèkì ọkọ̀ ṣe, ló tú ọkọ̀ náà kẹ́yìn, ni wọ́n bá ní òun ló já wáyà iná. Bàbá Olówùú ló pariwo jù. Wọ́n ti ìsọ̀ ọkùnrin náà pa títí di ọjọ́ tí ẹgbẹ́ máa jókòó dá ẹjọ́ náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé, bí Bàbá ṣe ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ náà nínú ọgbà àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀, oníbíréèkì yọjú wá kó aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

"Ẹ ń wá ọwọ́ mi níbẹ̀, àbí? Ẹ wá a dáadáa, Bàbá. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i."

"Máa bá tìrẹ lọ. Màá fi hàn ọ́."

"Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ bá mi kí i o."

Ó lọ. Bàbá yí kọ́kọ́rọ́, ó fa bíréèkì ọwọ́. Iná pupa tàn wàà. Gílóòbù yè, fíúsì yè. Ohun tó tan gbogbo wọn jẹ nìyẹn: ojoojúmọ́ ni iná náà ń tàn bí wọ́n bá fa bíréèkì ọwọ́, kò sẹ́ni tó fura pé ọ̀nà kejì, èyí tó ń bọ̀ láti ara ike tí epo bíréèkì ń wà, ti kú. Ó sọ bíréèkì ọwọ́ kalẹ̀. Ike epo gbẹ táútáú, síbẹ̀ iná ò tàn. Ó yọ wáyà méjèèjì kúrò lára ike, ó so wọ́n pọ̀. Iná ò tàn. Ike kọ́ ló bà jẹ́, wáyà ni.

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó fọwọ́ tọ wáyà náà lọ títí dé ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Wọ́n ti gé e níbẹ̀, wọ́n ká ẹnu rẹ̀ kò, wọ́n fi téèpù dì í. Òwú funfun wà lórí téèpù náà, ìwémọ́ mẹ́ta.

Tọ́ọ̀ṣì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni. Iná pupa náà ń tàn láìnídìí nígbà náà, nítorí ohun tó ń léfòó nínú ike, tó ń sọ bí epo ṣe kù sí, ti há. Àbúrò ń kánjú rìnrìn àjò. Bàbá fúnra rẹ̀ ló sọ pé, "Jẹ́ n gé e ná. Tó o bá dé, màá so ó padà." Àbúrò dé. Kò sẹ́ni tó rántí.

Lójú alẹ́, ó lọ bá àbúrò rẹ̀ lórí ibùsùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ rí ọwọ́ aláìdáa yẹn?"

"Ọwọ́ mi ni mo rí."

Ó rò ó fún un. Àbúrò tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n dì.

"Ta ló tún mọ̀?"

"Ìwọ nìkan."

"Ẹ lọ yọ òwú yẹn dànù. Ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo lẹ jẹ́. Oníbíréèkì, ẹ̀gbọ́n ta ni?" Ó kọjú sí ògiri. "Àmọ́ ẹ má wá síbí mọ́ fúngbà díẹ̀."

Bàbá ò yọ òwú náà. Ọjọ́bọ̀ ni ìjókòó ẹgbẹ́, aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Ó ti ránṣẹ́ sí alága pé kí wọ́n ti ọkọ̀ náà wá síwájú gbogbo ẹgbẹ́, kí oníbíréèkì sì dúró ti òun, kó lè tan tọ́ọ̀ṣì sí ibi tí òun máa fi hàn wọ́n.