Fáìlì Tí Mi Ò Ṣí Wò

Òórùn bisikíìtì láti ilé iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn wa ló máa ń kọ́kọ́ kí mi láàárọ̀, nígbà tí mo ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní àdúgbò Joju. Tí mo bá ti tan jẹnẹrétọ̀ báyìí, èéfín á bò ó mọ́lẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi, títí dòní, tí mo bá gbóòórùn bisikíìtì gbígbóná, obìnrin kan ló ń wá sí mi lọ́kàn.

Inú ilé iṣẹ́ yẹn ló ti ń di bisikíìtì sí páálí. Ọmọ Ọ̀ṣun ni, ó ti lé díẹ̀ lẹ́ni ọgbọ̀n ọdún, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló sì ń wù ú látọjọ́ tó ti pẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n máa ti fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì náà pa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ló tó wá bá mi. Mo fi ẹ̀rọ ya ìwé ẹ̀rí ìdánwò rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n fáìlì náà tóbi ju èyí tí wọ́n ń gbà lọ. Ṣebí iṣẹ́ tó mọ́ mi lọ́wọ́ jù nìyẹn. Mo dín in kù, wọn ò gbà á. Epo jẹnẹrétọ̀ ń tán lọ, oníbàárà tò sẹ́yìn rẹ̀, ni mo bá kúkú dín in kù débi tó kéré jù. Ó wọlé.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i kí n wo bó ṣe rí."

"Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀. Ohun tí mò ń ṣe lójoojúmọ́ rèé."

Ìmeèlì ṣọ́ọ̀bù mi ni mo fi sí fọ́ọ̀mù náà, bí a ṣe máa ń ṣe fún ẹni tí kò ní tiẹ̀. Tó bá ṣíwọ́, á yà bi mí bóyá wọ́n ti fèsì, ìyẹ̀fun á ṣì wà nírun rẹ̀. Màá ní wọn ò tíì fèsì, bẹ́ẹ̀ mi ò wo ibì kankan. Ìgbà tí mo jàjà wò ó, èsì wọn ti pẹ́ níbẹ̀: àwọn ò rí ìwé ẹ̀rí náà kà, kó fi èyí tó hàn ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ mẹ́ta ti kọjá tipẹ́. Mo wá ṣí fáìlì náà. Gbogbo máàkì rẹ̀ ti di bàìbàì bí ìwé tójò pa.

Ojú tì mí, ẹ̀rù sì bà mí. Nígbà tó dé, mo ní, "Àǹtí, wọn ò mú yín."

Ó ní, "Ó dáa. Bóyá ọpọlọ mi ni ò gbé e mọ́." Ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹyin lohùn, èyí tó bọ́ lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà kò ṣeé kó mọ́. Ìgbà tí mo ṣọkàn akin, tí mo lọ béèrè rẹ̀ ní géètì ilé iṣẹ́ náà, wọ́n ní ó ti fibẹ̀ sílẹ̀, wọn ò mọ ibi tó lọ. Látìgbà náà, mi ò jẹ́ fi fáìlì ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ láì pè é wá wò ó. Ṣùgbọ́n níbikíbi tó bá wà, ó ṣì gbà pé ọpọlọ òun ni kò tó. Mo rí àwọn máàkì yẹn lójú ìwé kí n tó dín fáìlì náà kù. Wọ́n dára gan-an, mi ò sì sọ fún un.