Ògbufọ̀ Tó Gé Orúkọ

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló gba odindi yàrá. A máa ń bọ́ bàtà ká tó wọlé tọ̀ ọ́. Ayé dùn nígbà yẹn: ẹ̀rọ kan, èdè kan. Ìjọ wa ní Douala ló wá fi ògbufọ̀ méjì dá mi lóró.

Lásìkò wàhálà ààlà ní Bakassi, àwọn apẹja wa ń sá wọ Douala, ẹ̀gbọ́n ń wá àbúrò. Ìjọ ní kí n ṣe ìkànnì kan sórí ayélujára, tí a ó kọ orúkọ wọn àti ibi tí wọ́n wà sí. Mo ṣe é. Àmọ́ kọ̀ǹpútà kì í gbọ́ ohun tí a kọ ní tààrà. Ètò kan nínú rẹ̀, tí mò ń pè ní ògbufọ̀, ló ń túmọ̀ rẹ̀ fún un, bí wọ́n ṣe ń túmọ̀ ìwàásù sí Faransé. Ẹ̀ka méjì ni ìjọ wa ní nínú ìlú: kọ̀ǹpútà ẹ̀ka New Bell ní ògbufọ̀ àtijọ́, ti ẹ̀ka Bépanda ní tuntun, àwọn àgbà ìjọ sì ní dandan kí iṣẹ́ mi máa lọ lórí méjèèjì. Bí mo bá tún ti ibí ṣe, tọ̀hún á dákú. Ó sú mi.

Obìnrin kan tó ń ta abọ́ ní ọjà Marché Dakar wá sí New Bell, ó ń wá àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Mo tẹ orúkọ náà. Kò sí. Lọ́sẹ̀ kejì, kò sí. Lọ́sẹ̀ kẹta, gèlè dúdú ló wé wá.

“Ẹ tún un wò, Bàbá. Bí kò bá sí, màá ránṣẹ́ sí ìyá wa pé omi ti gbé e lọ.”

Kò sí.

Ẹni tó ń túmọ̀ ìwàásù fún wa dúró lẹ́yìn mi. Ó bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n, orúkọ tí ẹ tẹ̀ gùn, èyí tí kọ̀ǹpútà kọ síbẹ̀ pé òun ń wá kúrú. Ta ló jẹ ìrù rẹ̀? Èmi náà ń ṣe ògbufọ̀, n kì í gé orúkọ ọmọ olórúkọ!”

Òótọ́ ni. Èmi ni mo kọ ìlà kan sínú iṣẹ́ mi pé kí orúkọ má kọjá ogún lẹ́tà. Ògbufọ̀ tuntun ka lẹ́tà “ọ” sí ẹyọ kan. Èyí àtijọ́ kà á sí mẹ́ta, ó sì gé e. Kí ló dé tí n kò rí i? Orúkọ ìgbàgbọ́ mi ni mo fi dán an wò, èyí tí gbogbo àwa àlejò ń sọ fún ọlọ́pàá ìlú yìí: kò lámì lórí, kò lámì nísàlẹ̀.

Mo pa ìlà náà rẹ́, mo tún orúkọ àbúrò rẹ̀ tẹ̀. Ó yọ: Bépanda, lọ́dọ̀ káfíńtà kan.

“Bépanda? Bépanda tí mò ń gbà kọjá lójoojúmọ́?”

Ó tú gèlè dúdú náà, ó jù ú sórí kọ̀ǹpútà. “Ẹ fún ògbufọ̀ yín kó fi ṣọ̀fọ̀.” Ó gun ọ̀kadà lọ.

Mi ò tíì dárí ji ògbufọ̀ àtijọ́ yẹn títí dòní, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo kọ ìlà náà.